Bí Mo Ṣe Wọ Igbó Gbohùngbohùn Torí Àpótí Olórin Àyọ̀ká

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó tètè wú u. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó lọ tọ̀ kó sì tètè padà, torí mi ò ní tún ọ̀rọ̀ kan sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣọ̀lá, jọ̀ọ́, jẹ́ kí àga yẹn sinmi. Ọ̀sán Sunday la wà yìí, kò sẹ́ni tó ń lé yín, mi ò sì ní gba owó lọ́wọ́ yín, etí yín nìkan ni mo fẹ́.

Èmi ni Ọdẹ́jìmí, ọdẹ Òkè-Àtòrì. Ẹkùn kan rí mi lójúkojú lọ́dún kan, ó ní òun gbàgbé nǹkan sílé, ó yà bàrá sínú igbó. Erin kan gbóòórùn mi, ó gun igi. Ṣé ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ni? Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, torí pé igi ìbẹ́pẹ ló gùn. Àmọ́ eré ọmọdé ni gbogbo ìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo lọ wá àpótí olórin, èmi tí owó tó wà lọ́wọ́ mi kò ju owó ẹtu méjì lọ.

Kí n tó wọ inú igbó, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tó gbé mi débẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ Àyọ̀ká, ìyàwó mi tó ń gé aṣọ nínú yàrá tó wà lẹ́yìn mi yìí, bàbá rẹ̀ di ẹ̀rọ orin fún un wá sílé ọkọ: ampilifáyà kan tó wúwo bí ọlọ, sípíkà méjì tó ga bí ewúrẹ́ tó nàró, àti giramafóònù kan tó ń yí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Aránṣọ ni Àyọ̀ká. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń tẹ máṣíìnì rẹ̀ tẹ̀lé orin. Bí orin bá ti ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa lọ, abẹ́rẹ́ á máa lọ, ojú rírán á sì gún régé.

Ẹ mọ àwa ọdẹ. Bí a bá ti igbó dé, àdín la fi ń nu ìbọn. Ohunkóhun tó bá ń yí, tó bá ń ké, tó bá ń ha, àdín ni a máa dà sí i, bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí giramafóònù ń ké fín-ín fín-ín bó ṣe ń yí. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo bu àdín ife kan, mo dà á sínú rẹ̀, mo wá mú ọ̀pá tí mo fi ń fọ inú ìbọn, mo ki í bọ gbogbo ihò tí mo rí. Orin kọ́kọ́ ń fà nílẹ̀ bí ẹni tó mu ẹmu yó, lẹ́yìn náà ó rú èéfín, ó dákẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, èèrà ti bò ó, wọ́n sì ti gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Mo tọ ipasẹ̀ wọn dé ẹnu ihò wọn, mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò dá mi lóhùn.

Àyọ̀ká ń sọ láti inú yàrá pé ife méjì ni àdín náà. Ó dáa, ife méjì ni.

Ilé wa dákẹ́ rọ́rọ́. Àṣé orin yẹn ló ń tọ́ ọwọ́ ìyàwó mi. Ó rán apá agbádá olóyè kan mọ́ ibi ọrùn, ó rán ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún olùkọ́ kan, ìyàwó pásítọ̀ sì wọ búláòsì kan tí kò rí ibi tí yóò ti bọ́ ọ mọ́. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gba aṣọ wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yẹn ló fi tọ́ àwọn ọmọ wa ní gbogbo ọdún tí ẹran ń sá fún mi. Níjọ́ kan ó pè mí, ó ní àbúrò òun ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Ìṣẹ́yìn, pé orin ń lọ níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ní bí orin kò bá dún nínú ilé yìí láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, ibẹ̀ lòun máa kó máṣíìnì òun lọ, òun ò sì mọ ọjọ́ tóun máa padà. Ó rọra sọ ọ́ ni. Bí Àyọ̀ká bá ń pariwo, ẹ má bẹ̀rù, àmọ́ bó bá rọra sọ̀rọ̀, kí ẹ tètè wá nǹkan ṣe.

Mo sáré lọ bá Ládiméjì, ẹni tó ń tún rédíò ṣe. Ó wo giramafóònù, ó gbóòórùn rẹ̀, ó bi mí bóyá mo fẹ́ dín in jẹ ni. Ó ní ó ti kú pátápátá, ṣùgbọ́n ampilifáyà àti sípíkà ṣì wà koko bí ọta ìbọn. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé àwọn èèyàn ti ń lo àpótí kékeré kan báyìí tó máa ń fa orin láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì sínú ampilifáyà. Ènìyàn á fi fóònù yan orin tó wù ú, àpótí á lọ gbé e wá. Ó yé mi kíá, torí bí ajá ọdẹ náà ṣe ń ṣe nìyẹn: o nawọ́ sí ẹran, ó sáré lọ gbé e wá. Nígbà tí mo sọ iye tó wà lápò mi, Ládiméjì wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní kí n má wulẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù ìgboro, wọ́n lè ní kí n sanwó torí pé mo mí sára ọjà. Ó ní bí mo bá láyà, kí n lọ sí Igbó Gbohùngbohùn, níbi tí àwọn iwin ti ń ta irú àpótí bẹ́ẹ̀.

Bí mo bá láyà, ẹ gbọ́ ohun tó ń bi Ọdẹ́jìmí. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo di gúgúrú sápò, mo wọ igbó lọ.

Ẹ má bi mí léèrè ọ̀nà. Ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ, igbó sì gbà mí wọlé. Igbó náà kì í jẹ́ kí ohùn kan sọ nù. Mo sín lẹ́ẹ̀kan, gbogbo igi sì ń sín títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú. Ní ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni mo ti pàdé iwin kan tó ga tó ọ̀pẹ, tó ní ẹnu mẹ́ta ṣùgbọ́n tí kò ní etí kankan. Ọjà àpótí olórin ló ń polówó. Bí mo ṣe dé, ẹnu kìíní ní àpótí òun ń gé orin sí wẹ́wẹ́ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin ó dín méjìlélọ́gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹnu kejì ní méjìlélọ́gbọ̀n ni tòun, àmọ́ kò sọ méjìlélọ́gbọ̀n kí ni. Ẹnu kẹta ní wúrà ni wọ́n fi ṣe wáyà rẹ̀. Gbogbo nọ́ńbà tó ń bọ́ lẹ́nu wọn ló ń di oyin, oyin náà sì ń ta mí. Kí ó tó pe ẹgbẹ̀rin yẹn tán, ìpéǹpéjú mi ti wú, imú mi ti tó ìkòkò.

Ẹlòmíì á ti sá. Èmi kì í sá, mo máa ń yíra padà kíákíá ni. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn igi, mo rò ó, mo sì rí i pé ohun kan kù lára iwin yìí. Mo jáde, mo na ìka sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì, mo wá fi ọwọ́ júwe fún un pé ṣé òun fúnra rẹ̀ ti gbọ́ orin kankan rí láti inú àwọn àpótí tó ń tà. Ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Oyin bọ́ sílẹ̀ bí òjò. Iwin gíga yìí jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó bú sẹ́kún. Ó ní láti ọjọ́ tóun ti ń tajà, kò sẹ́ni tó bi òun bẹ́ẹ̀ rí, pé ńṣe làwọn oníbàárà ń fẹ́ nọ́ńbà sí i. Mo fọwọ́ pa á lẹ́yìn, mo fún un ní gúgúrú, mo bá tèmi lọ. Ọjọ́ méjì ni mo fi dùbúlẹ̀ kí ojú mi tó là.

Ìlú tí mo dé lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Ojúdígí. Àwọn ará ibẹ̀ kò ní ojú bíi tiwa. Dígí pẹlẹbẹ ló wà níwájú orí wọn, àwòrán sì ń kọjá lórí rẹ̀. Bí inú wọn bá dùn, òdòdó á yọ. Bí ebi bá ń pa wọ́n, iyán á yọ, èéfín á sì máa rú lórí rẹ̀. Àwọn àpótí olórin tí wọ́n ń tà níbẹ̀ náà lójú dígí. Wọ́n gbé ọ̀kan kalẹ̀ fún mi, ojú rẹ̀ fẹ̀ tó àwo ìjẹun ńlá. Mo bá a sọ̀rọ̀, ó fi àwòrán akọrin hàn mí. Mo rẹ́rìn-ín, ó fi àwòrán tèmi hàn mí, ó sì dá eyín tó ti ká lẹ́nu mi padà síbẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìfẹ́ kọ lù mí. Mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo ń fọwọ́ ra á lórí.

Owó tí wọ́n dá lé e ni owó ẹtu mi méjèèjì, ìbọn mi, àti oko mi tó wà létí odò. Mo ti bọ́ ìbọn lórí èjìká. Mo ti ń wá ẹni tí yóò bá mi kọ ìwé oko. Nígbà náà ni ọlọ́jà bi mí níbi tí màá gbé e sí nínú pálọ̀, kí gbogbo ènìyàn lè máa wojú rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ló yọ mí. Mo rántí pé Àyọ̀ká kì í wo ibòmíì bó bá ń ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ ló ń wò. Ọjọ́ tó bá gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́, ìka rẹ̀ ni yóò rán mọ́ aṣọ. Ta ni yóò wá máa wo ojú tí mo fẹ́ ta oko lé lórí? Mo gbé àpótí kúrò lẹ́sẹ̀, mo sì gbé ìbọn mi kọ́. Inú bí wọn. Gbogbo ìlú pa ojú wọn kú lọ́sàn-án gangan, ibi gbogbo ṣókùnkùn, mo ń táràrà jáde nínú ìlú náà bí afọ́jú.

Ọjọ́ karùn-ún ni mo dé oríta kan. Ìyá arúgbó kan jókòó níbẹ̀ sórí òkìtì wáyà tó ga tó òrùlé, ó ń tú èyí tó lọ́ mọ́ra wọn. Ìyá Oníwáyà ni orúkọ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo sọ ohun tí mo ń wá àti iye tó wà lọ́wọ́ mi. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun ní àpótí tó bá owó mi mu, àmọ́ òun kì í ta á fún ẹni tí kò mọ ilé ara rẹ̀, nítorí náà òun yóò bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta.

Ó kọ́kọ́ bi mí pé irú ẹnu wo ni ampilifáyà mi fi ń jẹun. Mo ní ihò méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun, pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe ń yẹ ẹnu ajá wò kí n tó rà á. Ó mi orí. Ó ní àwọn kan ń ra àpótí tán, wọ́n á délé, wọ́n á rí i pé ẹnu rẹ̀ kò bá ti ampilifáyà wọn mu, wọ́n á wá tún padà wá ra wáyà ní ìlọ́po owó. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kejì pé ibo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dé nínú ilé mi. Mo ní ojú fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì ìyàwó mi ni, torí bí mo bá fẹ́ pe ènìyàn, àfi kí n yọ orí síta níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi mọ àṣírí mi. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní ibẹ̀ ni kí àpótí náà jókòó sí.

Mo ti ń na ọwọ́. Ó wá wò mí.

“Orin wo ni ìyàwó rẹ fẹ́ràn jù?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè. Mo ní orin ọdẹ ni. Ìyá ní tèmi nìyẹn, wáyà kan sì yọ láti inú òkìtì, ó yí mi lẹ́sẹ̀. Mo ní orin ìjọ ni, wáyà mìíràn yí mi ní ìbàdí. Mo ní gbogbo orin ló fẹ́ràn, mẹ́ta yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà méje ni mo purọ́. Nígbà tí mo parí, ọrùn àti orí mi nìkan ló kù níta, bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n.

“Ìwọ tí ò ń wo ẹsẹ̀ ẹtu nínú ẹrẹ̀,” ni ìyá wí, “tí o sì ń mọ̀ pé ó lóyún.”

Ó padà sídìí wáyà tó ń tú. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní mo ń bínú sí ìyá. Ní ọjọ́ kejì mo ń bínú sí Àyọ̀ká pé kò sọ fún mi. Ní ọjọ́ kẹta ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mi. Mo rántí bí mo ṣe máa ń ti igbó dé, tí orin á máa lọ, tí Àyọ̀ká á máa fi ohùn kejì gbè é lábẹ́lẹ̀. Màá wọlé tèmi tariwo, màá gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo rẹ̀ láàárín orin, màá gbé orin ọdẹ tèmi sí i, tàbí kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ẹran tí mo pa. Yóò dákẹ́, yóò sì máa ránṣọ lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe é. Mi ò jẹ́ kí orin rẹ̀ kan parí rí létí mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú tì mí. Mo sunkún nínú wáyà yẹn, ó sì dùn mí ju oyin tó ta mí lọ.

“Ìyá,” ni mo wí, “mi ò mọ̀ ọ́n.”

Ó ní òdodo àkọ́kọ́ tó ti ẹnu mi jáde láti ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Wáyà tú. Ó ki ọwọ́ sínú òkìtì, ó fa àpótí dúdú kan jáde tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Kò lójú dígí, kò lẹ́nu àsọdùn, ihò pupa àti funfun ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì so wáyà méjì mọ́ ọn. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa fi fóònù darí rẹ̀ àti bí yóò ṣe máa fa íńtánẹ́ẹ̀tì. Owó ẹtu méjì tó o, ṣẹ́ńjì tó kù sì tó ra dátà oṣù kan. Mo bi í bóyá orin rẹ̀ dùn. Ó ní kí n gbé e lọ bá ẹni tó máa gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló kù mí kù. Mo sá eré tí ẹtu rí, tó sì yà fún mi lọ́nà. Nígbà tí mo yọ sí ojúlé wa, ọ̀sán ti ń rọ̀. Ẹrù Àyọ̀ká wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọlọ́kadà kan ti gbé máṣíìnì rẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kadà, ó ń fi rọ́bà dì í. Àyọ̀ká dúró tì í, ó ti wé gèlè ìrìn-àjò. Kò bi mí ibi tí mo ti ń bọ̀. Mo bẹ ọlọ́kadà pé kó dúró díẹ̀, mo sáré wọlé, mo gbé àpótí sójú fèrèsé, mo ki pupa bọ pupa, mo ki funfun bọ funfun. Iná kékeré kan tàn lára àpótí. Sípíkà méjèèjì mí gùùù.

Ẹ gbọ́ o, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni kí n tan orin ọdẹ, kó bú jáde, kí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé Ọdẹ́jìmí ti dé. Mo ti kọ ìdajì orúkọ rẹ̀ sórí fóònù. Mo pa á rẹ́. Mo jáde, mo na fóònù sí ìyàwó mi.

“Àyọ̀ká, mi ò mọ orin tí o fẹ́ràn. Jọ̀ọ́, èwo ni?”

Ó wò mí títí. Ọlọ́kadà pàápàá dẹ́kun dídì tó ń dì.

“Bàbá Ọdẹ́bùnmi,” ló wí, “ẹ ò bi mí rí.”

Ó gba fóònù, ó tẹ nǹkan sí i, orin kan sì bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Orin àwọn obìnrin ni, èyí tí wọ́n ń kọ nígbà tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ. Mo jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni orin náà gùn, kò sì sí ìdánwò tó le tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo igbó tí mo ti wọ̀. Ìtàn oyin gùn mí lẹ́nu. Ìtàn ìlú Ojúdígí gùn mí lẹ́nu. Mo bọ́ fìlà mi, mo fi dí ẹnu. Nígbà tó di àárín orin, Àyọ̀ká bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn kejì gbè é. Ọlọ́kadà bi í bóyá kí òun máa dì í lọ, ó fi ọwọ́ dá a dúró. Orin parí. Àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ dópin nìyẹn, omi sì ti bọ́ lójú mi láìmọ̀.

“Ẹ bá mi sọ máṣíìnì yẹn kalẹ̀,” ló wí fún ọlọ́kadà. “Mo níṣẹ́ lọ́wọ́.”

Ẹ ti ń la ẹnu láti bi mí orúkọ orin náà. Mo mọ̀ ọ́n báyìí. Mo mọ ibi tí ohùn kejì ti ń wọlé, mo mọ ibi tí yóò ti sinmi, mo sì lè kọ ọ́ fún yín látòkè délẹ̀, àmọ́ Àyọ̀ká ti bẹ̀ mí pé kí n má kọrin. Ìṣọ̀lá, ìdí tí mo fi... Ẹ dúró ná. Ó ti gé aṣọ tán. Ó ti fa àga sídìí máṣíìnì, ó ti mú fóònù. Ó ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa bínú, ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, orin ìyàwó mi ń lọ.